BÚRẸ́DÌ TI JINNÁ, Ọ̀RÁ KÒ SÍ!

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa já wọn nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà tà láyé òde òní, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ó rí i pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń wá ẹ̀ṣọ́ kiri. Wọ́n á ra fúláwà, wọ́n á ra ṣúgà, wọ́n á gba òṣìṣẹ́, wọ́n á dáná sí ààrò. Ìgbà tí ọjà bá jinná tán pátápátá ni wọ́n tó máa bi ara wọn léèrè pé, “Kí la fẹ́ fi dì í báyìí?”

Ṣé ẹ ti rí ìyá ẹlẹ́kọ tó ro ẹ̀kọ tán kó tó máa sáré wá ewé? Kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ìkòkò ẹ̀kọ tó gun orí iná, ewé ti wà nílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ ti rà á láti ọjọ́ ọjà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó ti ṣa ńlá sọ́tọ̀, ó ti ṣa kékeré sọ́tọ̀. Bí ewé bá ṣe tó ni ẹ̀kọ yóò ṣe tó, bí ẹ̀kọ bá sì ṣe tó ni owó rẹ̀ yóò ṣe tó. Ewé gan-an ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bákan náà ni àwọn oníṣòwò obì láyé ọjọ́un, láti Agége àti Ṣàgámù, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó obì lọ sí ìlú Hausa. Ewé ni wọ́n ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ewé náà ni wọ́n ń fi bò ó lórí, kí obì má baà gbẹ kó tó dé Kánò. Wọn kò lọ sí yunifásítì kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tí a fi di ọjà, ara ọjà ni. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a máa di ọṣẹ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ibo wá ni ọgbọ́n yìí lọ?

ÌYÁ ONÍBÚRẸ́DÌ ÀTI ÒRU ỌJỌ́ JÍMỌ́Ọ̀

Ìyá kan wà nínú ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá. Ààrò méjì, ẹ̀rọ ìpo-fúláwà kan, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, ọkọ̀ akíkan kan. Búrẹ́dì rẹ̀ dùn, ó rọ̀, kò sì fi bromate tí NAFDAC ti fòfin dè sí i. Ìdájí ni àwọn obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì máa ń tò síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ lórí.

Ní òru ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n yan búrẹ́dì 600. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìdájí, tí búrẹ́dì ti ń tutù lórí pákó, ọmọbìnrin tó ń di búrẹ́dì wọ yàrá ìkẹ́rù lọ láti mú ọ̀rá. Ìyẹn ni àwọn kan ń pè ní náílọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́ sí lára. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ọ̀rá 180 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyókù dà?” ni ìyá béèrè.

“Mà, ó ti tán.”

Ìyá rò pé ọ̀gá tó ń yan búrẹ́dì ti ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ọ̀rá l'Ékòó. Ọ̀gá rò pé ìyá ti ránṣẹ́. Awakọ̀ rò pé àwọn méjèèjì ló mọ̀ sí i. Ohun tí gbogbo ayé bá ní lójú, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Wọ́n tẹ àwọn tó ń tẹ ọ̀rá láago nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ san ààbọ̀ owó.

Ọ̀gá tó ń yan búrẹ́dì dá àbá kan. Ó ní, “Ìyá, búrẹ́dì ni àwọn èèyàn ń jẹ, wọn kì í jẹ ọ̀rá. Ẹ jẹ́ ká yá ọ̀rá lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ ọ̀hún.”

Ìyá mi orí. Ó ní, “Rárá o, Bàbá. Orúkọ tí a bá fi di ọjà, òun ló máa jẹ́jọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ búrẹ́dì yìí tí inú ń run ún, ta ni wọ́n máa lọ mú? Àwa la yan án, ẹlòmíì ló máa sùn látìmọ́lé?”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá sọ. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀rá ṣeré. Orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC, ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe wọ̀n tó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rá ẹlòmíì di ọjà tirẹ̀, ayédèrú ló ṣe.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí búrẹ́dì 600? Wọ́n di 180, ó tà. Ilé ìdáná iléèwé kan tó wà nítòsí ra 150 ní ìdajì owó, torí pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa jẹ ẹ́. Wọ́n pín 70 fún àwọn òṣìṣẹ́ àti aládùúgbò. Ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló wá kó 200 tó kù. Ẹ gbọ́ o! Búrẹ́dì tó dára, tó rọ̀, tí kò ní àbàwọ́n kankan, ẹlẹ́dẹ̀ ló jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé ó jóná. Kì í ṣe pé ó kan. Ọ̀rá ni kò sí.

Àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń kiri ńkọ́? Àwọn tó tètè dé rí díẹ̀ gbé. Àwọn tó kù gbé àtẹ òfìfo padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn, opó ni, inú èrè búrẹ́dì yìí ló ti ń san owó iléèwé ọmọ méjì. Ó dúró títí di aago méje bóyá nǹkan ṣì máa yí padà. Kò yí padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dúró de ọ̀rá, mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá náà ti bá oníbúrẹ́dì mìíràn lọ. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ ỌMỌ ÌYÁ

Ìyá yìí ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléèwé girama, tó ń dúró de èsì ìdánwò JÁǸBÙ. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rù ló wà ní ìdájí ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Ó mú ìwé eṣásáìsì kan, ó fa ìlà sí i, ó sì ń kọ gbogbo ohun tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde fún odidi oṣù kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ó lọ bá ìyá rẹ̀ lálẹ́.

“Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o.”

“Sọ ọ́, ìyá mi. Kí ló dé?”

“Àràárọ̀ lẹ máa ń ka àpò fúláwà. Ẹ máa ń ka ṣúgà. Bọ́tà, ẹ máa ń wọ̀n ọ́n lójú ara yín. Kò sẹ́ni tó ń ka ọ̀rá.”

Ìyá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀gá tó ń yan búrẹ́dì ló fèsì, inú sì ń bí i díẹ̀: “Ìyá, ṣé ọmọ àná ló máa wá kọ́ wa ní búrẹ́dì ni?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Kò kọ́ yín ní búrẹ́dì, Bàbá. Ọ̀rá ló ń kọ́ wa.”

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìwé náà níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé kì í ṣe oníbúrẹ́dì nìkan ló máa wúlò fún.

ÌGBÀ WO LÓ YẸ KÍ A RÁNṢẸ́ RA Ọ̀RÁ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí ọ̀rá bá kù díẹ̀ ló yẹ kí a rà á. “Díẹ̀” kì í ṣe iye. Ọmọ yìí ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: búrẹ́dì 600 ni wọ́n ń yan lójúmọ́. Ọjọ́ 14 ni ọ̀rá máa ń gbà kó tó dé láti Èkó. 600 lọ́nà 14 jẹ́ 8,400. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà, iná lè má sí níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, torí náà kí wọ́n fi ti ọjọ́ márùn-ún lé e, ìyẹn 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 11,400. Nínú ọ̀rá 100, bíi mẹ́ta máa ń ya tàbí kí títẹ̀ rẹ̀ má mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ro ìyẹn mọ́ ọn, ó sún mọ́ 12,000.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀rá bá ti kù 12,000 nílẹ̀ ni kí wọ́n ránṣẹ́, kódà bí yàrá bá ṣì kún. Ó mú páálí pupa kan, ó fi sáàárín ìdì ọ̀rá níbi tí 12,000 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan páálí pupa gbọ́dọ̀ pariwo. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọ̀RÁ TÓ TÓBI JU BÚRẸ́DÌ LỌ

Ohun kejì ni pé ọ̀rá tí wọ́n ń lò tóbi jù. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó gùn ní 40, ó sì nípọn ní máíkírọ́ọ̀nù 25. Ìgbà tí búrẹ́dì ṣì tóbi ni wọ́n ti ṣe é. Láti ìgbà tí owó fúláwà ti gbéra, búrẹ́dì ti dínkù, ọ̀rá kò dínkù. Gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù, ṣe ni wọ́n ń lọ́ ọ pọ̀ nídìí búrẹ́dì. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí ọ̀rá pàápàá kì í ṣe òótọ́ mọ́, ìyẹn sì lè di ẹjọ́.

Kílò ni wọ́n fi ń ta ọ̀rá, kì í ṣe iye. Kílò kan ọ̀rá tó gùn ní 40 máa ń jẹ́ bíi 217. Bí wọ́n bá gé e sí 35, kílò kan náà yóò di bíi 248. Ẹ rò ó wò: kílò 50 tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rí ọ̀rá bíi 1,550 lé e, lórí owó kan náà. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Epo rọ̀bì àti gáàsì ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ti ń jáde. Lóòótọ́, wọ́n ń ṣe é ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt nílé wa níbí, ṣùgbọ́n bí dọ́là bá ti gbéra, owó rẹ̀ náà á gbéra. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, gbogbo ẹni tó ń ra ọ̀rá ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

SÌLÍŃDÀ MÉJÌLÁ

Ìyá ń yan oríṣi búrẹ́dì mẹ́rin: ńlá, àárín, kékeré, àti tọmọdé. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sìlíńdà tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, oníbúrẹ́dì ló sì máa sanwó rẹ̀. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, méjìlá nìyẹn! Ìwé ọmọ yìí fi hàn pé oríṣi méjì ló ń tà jù, méjì tó kù kàn ń gbé páànù àti àyè ni. Ẹ tún wo àkókò: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti oríṣi kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á pààrọ̀ páànù, wọ́n á tún ìwọ̀n ṣe, ààrò á máa gbóná lásán, epo á máa jó.

Wọ́n fi méjì sílẹ̀, wọ́n dín àwọ̀ kù sí méjì. Sìlíńdà mẹ́rin ló kù. Ọ̀gá tó ń yan búrẹ́dì, tó ti kọ́kọ́ bínú, òun náà ló wá ń sọ fáráyé pé òun ti ń parí iṣẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀.

BÚRẸ́DÌ Ń LÀÁGÙN

Àdánù mìíràn tún wà tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Tí wọ́n bá ti pẹ́, wọ́n á máa kánjú di búrẹ́dì ní gbígbóná. Búrẹ́dì tó bá gbóná wọnú ọ̀rá a máa làágùn. Oru á di omi lára ọ̀rá, omi á padà sára búrẹ́dì, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti bu, funfun-funfun ti hù sí i lára. Àwọn tó ń kiri á dá a padà, orúkọ iléeṣẹ́ á bàjẹ́. Kí ló fà á? Àyè tí búrẹ́dì ti máa tutù kò sí nínú ètò. Wọ́n ní ààrò tó lè yan 300 lẹ́ẹ̀kan, pákó tí wọ́n ń tẹ́ búrẹ́dì sí kò gbà ju 200 lọ. Wọ́n kan pákó kún un, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n sì pa á láṣẹ pé bí búrẹ́dì kò bá tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dì í.

OWÓ DÀ?

Ẹ̀yin tó ń ṣòwò, a mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. “Owó dà? Fúláwà ni ká kọ́kọ́ rà, ọ̀rá á tẹ̀lé e.” Ohun tí ìyá yìí náà sọ nìyẹn, kò sì parọ́. Owó ọ̀rá 12,000 kì í ṣe owó táa kàn ń fà yọ lápò. Ìdí rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fi ń ra díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń rà á lọ́wọ̀n-ín.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ. Búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan tó bá tà, owó ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ ń lọ sínú àpótí kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Àpótí ọ̀rá ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ra epo, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ṣe ìnáwó, kódà ìyá fúnra rẹ̀. Búrẹ́dì 600 tó jáde lónìí ti san owó ọ̀rá 600 tó ń bọ̀. Ó nira fún wọn ní oṣù méjì àkọ́kọ́, torí pé owó tí wọ́n ti ń ná sórí nǹkan mìíràn ni. Oṣù kẹta ni ara tó mọ́ ọn.

ÀPỌ̀JÙ NÁÀ KÒ DÁA

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí lọ kó ọ̀rá ọdún méjì pamọ́ o. Eku ń bẹ. Owó tó wà nínú ọ̀rá kò lè ra fúláwà. Bí ìwọ̀n búrẹ́dì bá sì yí padà, ọ̀rá ti di pàǹtí. Ìjọba náà lè yí òfin padà lójijì. Ṣé ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fúyẹ́fúyẹ́ funfun tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún àwọn èèyàn láti palẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹni tó ní ti ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ tà á tán. Ẹni tó kó ti ọdún kan pamọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe?

KÌ Í ṢE BÚRẸ́DÌ NÌKAN

Ẹ wo àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá. Ẹ̀rọ wọn lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí kànga kún, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá tí wọ́n ká jọ bá tán, tàbí tó fẹ́lẹ́ jù tó ń jò, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe gàárì ń kọ́? Gàárì tí kò tíì tutù, tí wọ́n rọ́ sínú ọ̀rá, dídì ló máa dì. Àwọn tó ń ṣe epo pupa, kẹ́ẹ̀gì ni ìṣòro wọn nígbà tí ẹyìn bá pọ̀ lásìkò.

Àwọn iléeṣẹ́ ọtí àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí pé ẹni tó bá fẹ́ ra kéréètì kan gbọ́dọ̀ gbé kéréètì òfìfo lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi owó ìgò sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bínú nígbà náà, wọ́n ní ahun ni wọ́n. Kì í ṣe ahun. Bí ìgò kò bá padà, ọtí tó wà nínú àgbá kò ní ibi tó máa lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀yìn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Kó kọ́kọ́ wo inú ọkọ̀ tó máa gbé ọjà: páálí mélòó ló gbà? Inú páálí ńkọ́, ọjà mélòó ló máa tò sí i láìsí àlàfo tí yóò jẹ́ kó máa fọ́ tàbí kó tẹ̀? Irú ọ̀rá wo ló bá ọjà náà mu? Irú páànù wo ló bá ọ̀rá náà mu? Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kó tó ra fúláwà.

Ní ti ìyá oníbúrẹ́dì, owó ọ̀rá tún ti lé sí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà, iṣẹ́ kò sì di ìrọ̀rùn lójijì. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ mọ́. Nínú àwọn obìnrin mẹ́ta tó lọ, ọ̀kan padà wá. Méjì kò padà, bóyá wọn kò ní padà mọ́ láéláé, torí oníbàárà tó lọ nítorí àìrójú ọjà, ọjà tó dùn nìkan kò tó láti fà á padà. Àfi kó dá a lójú pé bó bá gbé àtẹ rẹ̀ dé ní ìdájí, òfìfo kọ́ ni yóò gbé padà sílé.